Ìdìmú Gbígbóná: Nígbà Tí Ẹnu Wáyà Bá Ara Mu Tí Iná Kò Bá Ara Mu

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sórí ètò lónìí lè ṣe àjèjì sí ẹni tí kò tíì kúrò nílẹ̀ yìí rí. Yìnyín tí àwa mọ̀ kò ju hóró tí ń bá òjò bọ́ lọ. Àwọn ọmọdé kì í tíì ṣà á tán tí yóò fi yọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wa ń gbé ní Kánádà àti ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí òjò dídì ti ń bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. A fẹ́ ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè mú ìdìmú gbígbóná tí ilé-iṣẹ́ kan ṣe, kí ó so wáyà rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ orí òjò dídì tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, láìkó ara rẹ̀ sínú ewu. Ẹ̀kọ́ iná mànàmáná tí ó wà nínú rẹ̀ yóò wúlò fún ẹ̀yin olùkọ́ pẹ̀lú.

Ọkọ̀ náà àti ìdí tí a fi ṣe é

Ọkọ̀ yìí jọ alùpùpù, ṣùgbọ́n kò ní ẹsẹ̀ tí ń yí. Pátákó pẹlẹbẹ méjì ni ó fi ń yọ̀ lọ níwájú; bẹ́líìtì rọ́bà gbòòrò kan ni ó sì ń yí lábẹ́ rẹ̀ tí ń tì í síwájú. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ó sì yege ni Joseph-Armand Bombardier, ará ìlú Valcourt ní Quebec. Ní ọdún 1934, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì, ṣàìsàn nígbà òtútù. Òjò dídì ti dí ọ̀nà pa, kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé e dé ilé ìwòsàn, ọmọ náà sì kú. Bàbá rẹ̀ kò jáwọ́ nínú iṣẹ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1937 ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí bẹ́líìtì náà ń gbà yí; ní 1959 ni ọkọ̀ kékeré tí a ń pè ní Ski-Doo jáde. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, bíi Polaris àti Arctic Cat ní ìpínlẹ̀ Minnesota, náà ṣe tiwọn. Oníkálukú ni ó sì ń to wáyà ọkọ̀ tirẹ̀ bí ó ti wù ú.

Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń tẹ ohun tí ń mú ẹ́ńjìnnì sáré. Ọwọ́ òsì ni a fi ń fún bíréèkì. Bí ojú ọjọ́ bá wà ní ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ ní kìlómítà 50 ní wákàtí kan, bí ìwọ̀n 35 nísàlẹ̀ òdo ni yóò ṣe rí lára ènìyàn. Nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, awọ ara tí kò ní ìbòrí lè dì láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30. Ọwọ́ tí ó ti kú tipiri kò lè fún bíréèkì dáadáa. Nítorí náà, ìdìmú gbígbóná kì í ṣe fàájì lásán.

Ohun tí ojú mi rí

Ní ìgbà òtútù kan tí mo ń kọ́ni lókè òkun, ọmọ ilẹ̀ wa kan tí a jọ ń gbé àdúgbò kan ra ọkọ̀ àlòkù. Ìdìmú rẹ̀ kò móoru mọ́. Ó rí òmíràn rà lọ́wọ́ ẹnìkan, ti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ó wò ó: wáyà méjì ní ọ̀tún, wáyà méjì ní òsì, àwọ̀ wọn jọ ti àtijọ́, ẹnu wọn sì wọ inú ara wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ti parí." Ó fa iná láti ara wáyà fìtílà iwájú ọkọ̀, a sì jáde ní ìrọ̀lẹ́, èmi lẹ́yìn rẹ̀. A kò tíì rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ òórùn rọ́bà tí ń jóná. Ó ń bọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ni fíúsì já, tí fìtílà sì kú. Iná tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ mi ni a fi wá ọ̀nà padà, ní ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ kan, nínú òkùnkùn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò fara sin. Nínú ìdìmú náà, lábẹ́ rọ́bà, ni irin tín-ín-rín kan wà tí ń gbóná bí iná bá gbà á kọjá, gẹ́gẹ́ bíi ti áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ. Ìdènà tí irin náà ní sí iná ni a ń fi óòmù wọ̀n. Bí a bá fi óòmù pín fóòtì, áḿpíà ni a óò rí, èyíinì ni ìwọ̀n iná tí ń ṣàn. Bí a bá sì fi áḿpíà sọ fóòtì di púpọ̀, wáàtì ni a óò rí, èyíinì ni agbára ooru náà.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ìdìmú kọ̀ọ̀kan ní óòmù 3, tí iná ọkọ̀ sì jẹ́ fóòtì 12. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é fẹ́ kí iná gba ti ọ̀tún kọjá kí ó tó dé ti òsì, bí àwọn tí ń rìn ní tẹ̀lé-mi-ká-lọ. Ìdènà méjèèjì yóò di óòmù 6. Áḿpíà 2 ni yóò ṣàn. Gbogbo ooru rẹ̀ yóò jẹ́ wáàtì 24, ìyẹn 12 fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó tó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ọ̀rẹ́ wa rà ń fún ìdìmú kọ̀ọ̀kan ní iná tirẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Fóòtì 12 odindi dé orí óòmù 3 kan ṣoṣo: áḿpíà 4 ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, 8 lápapọ̀, wáàtì 48 ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, 96 lápapọ̀. Ìlọ́po mẹ́rin ni ooru náà fi lé sí i. Ìdìmú kan náà ni, bátìrì kan náà ni. Ọ̀nà tí a gbà so wọ́n pọ̀ ni ó yàtọ̀. Fíúsì tí ó já náà kò ṣẹ̀ wá; òun ni ó gbà wá.

Ẹ wo ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀. Bí a bá yọ àmì ohùn kúrò lórí wọn, ojú kan náà ni wọ́n ní. Ẹni tí ó bá kà wọ́n láìmọ ohùn lè pe ọkọ ìyàwó ní ọkọ́ ìroko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọ̀ wáyà rí. Pupa ti ilé-iṣẹ́ kan kì í ṣe pupa ti èkejì. Mítà ni àmì ohùn wáyà.

Ibi tí iná ti ń wá

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyí ni ó ní bátìrì. Nínú ọ̀pọ̀ ti àtijọ́, ẹ́ńjìnnì ni ó ń fúnra rẹ̀ pèsè iná, iná tí ń lọ tí ń bọ̀, kì í ṣe èyí tí ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo bíi ti bátìrì. Ìwọ̀n rẹ̀ kò pọ̀. Òun náà ni fìtílà ń mu. Kànga kan ni gbogbo agboolé ń pọn. Bákan náà, nínú àwọn ọkọ̀ kan, irin ara ọkọ̀ ni iná ń gbà padà. Nínú òmíràn, iná kò gbọdọ̀ kan irin ọkọ̀ rárá.

Nínú àwọn ọkọ̀ tuntun, kọ̀ǹpútà ni ó ń tan ooru náà tí ó ń pa á, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìdènà àjèjì bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó lè kọ̀ ọ́, ó sì lè bàjẹ́. Ohun tí ó dára jù níbẹ̀ ni kí a fi wáyà àtijọ́ sílẹ̀, kí a fún ìdìmú tuntun ní wáyà, fíúsì àti súìṣì tirẹ̀, lọ́nà tí iná yóò fi kú bí a bá ti pa ẹ́ńjìnnì, kí bátìrì má baà ṣófo.

Bí a ṣe ń ṣe é

Èkíní, a ó pa ẹ́ńjìnnì, a ó sì tú bátìrì bí ó bá wà. Èkejì, a ó fi mítà wọn óòmù ìdìmú àtijọ́ àti ti tuntun. Bí ti àtijọ́ bá ti já nínú, ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà ni a ó yẹ̀ wò. A ó tún wò ó bóyá iná ń ti inú ìdìmú tuntun jò sí irin. Ẹ̀kẹta, a ó wọn iná tí ọkọ̀ ń pèsè nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí a mọ irú rẹ̀ àti bí ó ti pọ̀ tó.

Ẹ̀kẹrin, kí a ṣọ́ra fún ìdìmú tí a ṣe fún alùpùpù ojú títì. Inú ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ máa ń fẹ̀ ju ti òsì lọ, nítorí pé orí ọ̀pá tí ń yí ni wọ́n ń fi í sí. Lórí ọkọ̀ òjò dídì, yóò máa yọ̀ kiri lọ́wọ́, ewu ńlá sì ni. Ẹ̀karùn-ún, fíúsì gbọdọ̀ bá iná mu: bí áḿpíà 4 ni yóò ṣàn, fíúsì áḿpíà 5 tó. Ẹni tí ó bá fi fíúsì ńlá rọ́pò kékeré nítorí pé kékeré ń já ti lé olóde kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀kẹfà, kí wáyà gùn díẹ̀, kí ó má sì gba ibi tí irin yóò ti máa gé e. Kí a yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin ọ̀tún àti òpin òsì. Kí a tẹ ohun ìsáré, kí a sì rí i pé ó ń padà fúnra rẹ̀. Níkẹyìn, kí a tan ooru náà lẹ́nu ọ̀nà ilé, kí a fi ọwọ́ lásán dì í mú fún ìṣẹ́jú 10. Bí yóò bá jóni, ilé ni kí ó ti jóni.

Àwọn àgbà ní ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun a fagbára mú ní í nini lára. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ̀lú mítà ni ọ̀rẹ́ wa ìbá fi mọ ohun tí òkùnkùn àti òtútù wá kọ́ ọ. Kí a tó so ohun méjì pọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọ̀n wọ́n. Ó dìgbà kan ná o.