Ta Ni Ó Ni Bàálù Tí Yóò Gbé Ìyá Wa?

Àwọn àgbà ní, abéèrè kì í ṣìnà. Ní ayé òde òní, tí ọ̀pọ̀ ìyá ń ti Èkó lọ sí Amẹ́ríkà láti bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ó béèrè kí a tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ń lọ sí ìlú Minneapolis ṣe àpẹẹrẹ. Kò sí bàálù tí ń ti Èkó fò lọ síbẹ̀ tààrà. Ọmọ wọn wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí orúkọ KLM, Delta, Air France àti Virgin Atlantic. Ó rò pé ọ̀nà mẹ́rin ni òun rí. Kò mọ̀ pé bàálù kan náà lè máa jẹ́ orúkọ tí ó ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà mọ àṣà yìí. Bí oníṣòwò aṣọ kò bá ní àwọ̀ tí ẹ fẹ́, yóò ní kí ẹ jókòó, yóò sáré lọ mú un ní ìsọ̀ ẹlòmíràn, yóò sì tà á fún yín bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń ṣe. Codeshare ni wọ́n ń pè é: ilé-iṣẹ́ kan a fi nọ́ńbà tirẹ̀ ta àyè nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Àjọṣe yìí ti pẹ́ ní Minneapolis. Ní ọdún 1989, KLM ti ilẹ̀ Netherlands ra ìpín nínú Northwest, ilé-iṣẹ́ tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní agbègbè náà. Ní 1993, ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn méjèèjì láyè láti máa ṣòwò pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Northwest wọ inú Delta ní 2008, ṣùgbọ́n àjọṣe náà kò tú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì KLM ní Èkó fi lè bá ara rẹ̀ nínú bàálù Delta ní Amsterdam.

Ọ̀nà pàtàkì méjì, nígbà náà, ni ó wà níwájú ìyá wa. Èkínní ni kí wọ́n bá Delta fò láti Èkó dé Atlanta, kí wọ́n sì wọ bàálù mìíràn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti kọ́kọ́ balẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni a ti ń dáhùn ìbéèrè ìmígíréṣọ̀n. Ní Atlanta ni wọn yóò ti tò, tí wọn yóò gba àpótí wọn, tí wọn yóò gba ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè kọjá, tí wọn yóò sì tún fi àpótí sílẹ̀, kí wọ́n tó wá bàálù kejì lọ.

Èkejì ni ti Amsterdam. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ẹyọ kan, àpótí yóò máa bá tirẹ̀ lọ. Minneapolis, níbi tí ọmọ wọn ti ń dúró, ni wọn yóò ti dáhùn ìbéèrè. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà a máa nílò físà láti gba pápákọ̀ òfuurufú náà kọjá, ṣùgbọ́n ẹni tí físà Amẹ́ríkà rẹ̀ kò tíì parí bọ́ nínú èyí, bí kò bá ṣáà ti jáde síta.

Ewu ńlá wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Owó rẹ̀ lè dínkù, ṣùgbọ́n bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, èkejì kò ní dúró, tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni wọn yóò sì rà. Wọ́n tilẹ̀ lè ní láti jáde lọ gba ẹrù, èyí tí ó ń fẹ́ físà mìíràn. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan, àwọn ilé-iṣẹ́ náà ni yóò wá ọkọ̀ mìíràn fún wọn.

Nítorí náà, ẹ béèrè: Ilé-iṣẹ́ wo gan-an ni yóò gbé wọn? Òfin Amẹ́ríkà pa á láṣẹ pé kí ẹni tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì sọ ọ́. Èló ni bàálù kan náà lábẹ́ nọ́ńbà kejì? Iye owó lè yàtọ̀. Òfin ẹrù ta ni a ó tẹ̀ lé? Wákàtí mélòó ni ó wà láàárín bàálù méjèèjì? Bí ẹsẹ̀ ìyá kò bá lágbára, tàbí tí wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ tètè béèrè àga oníkẹ̀kẹ́, kí òṣìṣẹ́ lè tì wọ́n dé ẹnu ọ̀nà bàálù kejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ kejì sórí ìwé fún wọn, kí ẹni tí ń wá KLM má baà rí bàálù Delta kí ó sì rò pé òun ti sọnù. Ìyá tí ó pọ̀n wá tí kò jẹ́ kí a já bọ́, kò yẹ kí a jẹ́ kí wọ́n dá nìkan ṣìnà nítorí ìbéèrè tí a kò béèrè.