Palaver: Ọ̀rọ̀ Ìpàrí Ìjà Tó Padà Di Ìjà

Ẹni tó bá ń ná ẹja lọ́jà Ẹ̀pẹ́, tí ohùn rẹ̀ wá ń ròkè, kò ní pẹ́ gbọ́ ọ: "No palava o!" Wọn ò fẹ́ wàhálà ni. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ dé etíkun wa, òun gan-an ni wọ́n fi ń parí wàhálà.

Àwọn Potogí ló gbé e wá. Palavra ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí ọkọ̀ wọn bá gúnlẹ̀, wọn a jókòó ti ọba àti ìjòyè, wọn a jọ sọ̀rọ̀ owó-bodè, iye ọjà àti ìjà tó wà nílẹ̀. Palavra náà ni ìjókòó yìí ń jẹ́. Àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ, wọ́n sọ ọ́ di palaver, ó sì wọ inú ìwé wọn láàárín 1730 sí 1740. Ìdílé Látìn kan náà ló bí i pẹ̀lú parliament.

Ẹ̀pẹ́ mọ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní December 1851, Ọba Kòsọ́kọ́ sá gba ojú ọ̀sà lọ síbẹ̀. Òṣòdì Tápà, balógun rẹ̀, bá a lọ. Ìtàn Èkó sọ pé Òṣòdì yìí ti dé Bràsíl, ó sì gbọ́ èdè Potogí tí palavra ti wá. Ní ọjọ́ 28 oṣù September 1854, Kòsọ́kọ́ àti Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣàdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ gbà láti má dààmú Èkó mọ́, kó sì fi òwò ẹrú sílẹ̀. Campbell náà gbà pé tirẹ̀ ni èbúté Palma àti Lẹ́kì. Ní 1862, Kòsọ́kọ́ padà sílé. Àwọn tó bá a dé ló tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó ní Erékùṣù Èkó.

Báwo ni ìtumọ̀ ṣe wá yí? Ìjókòó náà máa ń pẹ́, ariwo rẹ̀ sì máa ń pọ̀, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá fi ń pe àròyé lásán. Ní etíkun tiwa, ẹjọ́ tí wọ́n jókòó lé lórí ló gba orúkọ ìjókòó: woman palaver ni ẹjọ́ tó bá jẹ mọ́ obìnrin. Láti ẹjọ́ dé ìjà kò jìnnà.

Ní Gánà àti Sàró, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ pàápàá ń jẹ́ palava sauce. Ìtumọ̀ àtijọ́ ṣì wà ní Benin àti Togo, lẹ́nu àwọn tó ń sọ Faransé: arbre à palabres ni wọ́n ń pe igi tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti parí ìjà.