Ìṣó tí Ń Yọ́ Nínú Eegun

Bí ẹnì kan bá ti orí alùpùpù ṣubú lójú ọ̀nà tí ó ti Jẹ́ríkò lọ sí Dùgbẹ̀, tí kókósẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́, àwọn ará ilé rẹ̀ a máa jiyàn: ṣé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń to eegun ni kí a gbé e lọ, tàbí ilé ìwòsàn? Àwa kò kẹ́gàn àwọn tí ń to eegun. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọparun di ẹsẹ̀ le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ìka, ẹsẹ̀ náà a sì kú. Síbẹ̀ àwọn mìíràn ń sá fún ilé ìwòsàn nítorí irin. Wọ́n a ní, "Wọn yóò fi irin sí i, wọn yóò sì tún la ẹsẹ̀ náà láti yọ ọ́." Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀, nítorí iṣẹ́ abẹ kejì ń gba owó, ó sì ní ewu tirẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìṣó tí ń yọ́ fúnra rẹ̀ nínú ara.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń fi okùn tí a ṣe láti inú ìfun àgùntàn rán ọgbẹ́, tí okùn náà sì ń parẹ́ bí ẹran ti ń jiná. Ǹjẹ́ a lè rí ohun tí yóò parẹ́ bẹ́ẹ̀, tí yóò sì le tó láti di eegun mú? Lambotte, oníṣègùn ará Bẹ́ljíọ̀mù, dán an wò ní ọdún 1907. Ó fi mágnẹ́síọ̀mù pẹlẹbẹ de ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìṣó irin líle ni ó fi kàn án. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn gbé. Láàrin ọjọ́ 8 mágnẹ́síọ̀mù náà ti jẹ tán, afẹ́fẹ́ sì kún abẹ́ awọ.

Níhìn-ín ni gbogbo ìṣòro náà wà: eegun kì í yára. Kókósẹ̀ ń fẹ́ bí ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó so pọ̀, ohun tí ó bá sì yọ́ ṣáájú ìgbà náà ti já aláìsàn kulẹ̀. Ní Helsinki, ní ilẹ̀ Finland, Rokkanen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984 láti fi ọ̀pá kéékèèké to kókósẹ̀. Irú ohun tí a ti ń fi ṣe okùn ìránṣẹ́ abẹ ni a fi ṣe ọ̀pá náà. Omi ara ń tú u díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi di omi àti èémí tí a ń mí jáde. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lára àwọn kan, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ibẹ̀ wú, omi sì ń ṣàn láti ojú ọgbẹ́ tí ó ti jiná, nítorí pé ọ̀pá náà yọ́ ju bí ara ti lè kó o lọ. Polylactic acid, ní tirẹ̀, lè pẹ́ nínú eegun fún ọdún púpọ̀. Mágnẹ́síọ̀mù pàápàá ti padà wá: a pò ó mọ́ ohun mìíràn kí ó má bàa yára jẹ, ní ọdún 2013 sì ni Yúróòpù fún ìṣó irú rẹ̀, tí a ṣe ní Jámánì, ní àṣẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé irin ti kúrò nílẹ̀. Eegun itan àgbàlagbà, tí ó ru gbogbo ara, ṣì ń fẹ́ irin. Kókósẹ̀, ìka, ojú, àti eegun ọmọdé tí ó ṣì ń dàgbà ni ìṣó ayọ́ yìí yẹ jù. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo irin ni a ní láti yọ. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní ń gbé tirẹ̀ láìní ìpalára títí di ọjọ́ ikú. Kí a bi oníṣègùn léèrè kí a tó fọwọ́ sí ìwé: irú ìṣó wo ni, ṣé yóò yọ́, bí kò bá sì yọ́, ṣé dandan ni kí a tún yọ ọ́?