Gimbap: Ìrẹsì tí àwọn ará Kòríà ń fi ewé òkun ká bí ẹní

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní gimbap lórílẹ̀-èdè Gúúsù Kòríà. Ewé tí àwa fi ń pọ́n ẹ̀kọ, ṣe la máa ń ṣí i sọnù, ṣùgbọ́n ní ti gimbap, tewé-toúnjẹ ni wọ́n ń jẹ. "Gim" ni orúkọ ewé inú òkun náà, "bap" sì ni ìrẹsì sísè.

Oúnjẹ ìrìnàjò ni. Bí ilé-ìwé bá fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ síbi ìgbafẹ́, àwọn ìyá a jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti ká gimbap fún wọn. Kò fẹ́ abọ́, kò fẹ́ iná, ẹnu kan ni ègé kan. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí wọ́n ká láàárọ̀ kò gbọdọ̀ tú, kò sì gbọdọ̀ bàjẹ́ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Orí èyí ni gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ dá lé.

Orí àwọ̀n tí wọ́n ta sínú òkun ni àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin gim, pàápàá jù lọ ní etíkun gúúsù ilẹ̀ náà, níbi tí erékùṣù Wando wà. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń kórè rẹ̀. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á sì gbẹ ẹ́ títí yóò fi dà bí ìwé dúdú. Ewé 100 ló wà nínú ìdì kan, "tot" ni wọ́n sì ń pe ìdì náà.

Àwọn ará Japan náà ń fi irú ewé yìí ká ìrẹsì, àríyànjiyàn sì wà lórí bóyá ọ̀dọ̀ wọn ni gimbap ti wá, nítorí pé Japan ló ṣàkóso Kòríà láti ọdún 1910 sí 1945. Ṣùgbọ́n adùn wọn kò jọra. Fínígà àti ṣúgà ni wọ́n ń pò mọ́ ìrẹsì ní Japan, nígbà tó jẹ́ pé òróró yànmọ̀tí àti iyọ̀ ni ti Kòríà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Ìrẹsì tí hóró rẹ̀ kúrú, tó máa ń lẹ̀ mọ́ra, ni wọ́n ń lò. Ife ìrẹsì 2 lè ká tó 4 tàbí 5. Bí ó bá jinná, wọ́n á bu iyọ̀ àti òróró yànmọ̀tí sí i, wọ́n á sì jẹ́ kó tutù díẹ̀. Ẹni tó bá kánjú tẹ́ ẹ gbóná-gbóná, oru rẹ̀ yóò mú kí ewé rọ̀, yóò sì ya.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí wọ́n ń fi sáàárín. Wọ́n á din ẹyin pẹlẹbẹ, wọ́n á gé e gígùn-gígùn. Wọ́n á din kárọ́ọ̀tì àti ẹran. Wọ́n á bọ ẹ̀fọ́, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù dáadáa, nítorí pé omi ni ọ̀tá gimbap. Wọ́n tún máa ń fi gbòǹgbò funfun kan tí wọ́n ti rẹ sínú omi kíkan sí i, àwọ̀ rẹ̀ a pọ́n bí àtalẹ̀ pupa.

Wọ́n á tẹ́ ewé sórí ẹní ọparun kékeré, kí ibi tó ń dán kọjú sílẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ìrẹsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á fi etí kan sílẹ̀ lófo, wọ́n á to ohun tó kù sáàárín, wọ́n á wá ká a bí ẹni ká ẹní, wọ́n á sì máa fún un mọ́ra. Wọ́n á fi òróró yànmọ̀tí pa á lára kí wọ́n tó gé e. Orí àti ìdí rẹ̀, tí ẹ̀fọ́ ti yọ jáde, ìpín àwọn tó wà nílé nìyẹn.

Ìmọ́tótó ṣe pàtàkì gidi. Nígbà ooru ọdún 2021, ní ìlú Seongnam tó wà nítòsí Seoul, ó lé ní 200 ènìyàn tí àìsàn kọ lù lẹ́yìn tí wọ́n jẹ gimbap tí wọ́n rà. Kòkòrò Salmonella, tó sábà máa ń wà lára ẹyin, ni àyẹ̀wò gbé jáde. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹyin tútù gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ kó tó kan ìrẹsì, gimbap kò sì gbọdọ̀ pẹ́ nínú ooru.

Àwọn ará Tongyeong, ìlú apẹja tí wọ́n ń pè ní Chungmu tẹ́lẹ̀, ti wá ọgbọ́n dá sí èyí tipẹ́. Ìtàn wọn sọ pé gimbap tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi máa ń tètè kan. Ni wọ́n bá ń ká ìrẹsì nìkan, wọ́n sì ya oúnjẹ inú òkun tó láta àti gbòǹgbò kíkan sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní.

Ní báyìí, ayé ti mọ gimbap. Lọ́dún 2023, èyí tí wọ́n gbé sínú yìnyín tà tán lórí àtẹ àwọn ilé ìtajà Trader Joe's ní Amẹ́ríkà, ewé gim tí Kòríà tà sókè òkun lọ́dún náà sì lé ní tírílíọ̀nù kan owó won. Ṣùgbọ́n ọjà tó yá lókè òkun gbé owó lérí nílé. Nígbà tó di ọdún 2024, gimbap kan ṣoṣo ti kọjá 3,000 won ní Seoul, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ mẹ̀kúnnù ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Ẹni tó ń ká tirẹ̀ nílé kò lè dá iye tí wọ́n ń ta ewé dúró, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó fi sínú rẹ̀, ó mọ ìgbà tó sè é, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ tó ká a mọ́.