Bergamot: Epo Inú Èèpo Ọsàn Tí Kò Bá Oòrùn Rẹ́

Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá wa ṣe àtúnkà wọ ọ́fíìsì pẹ̀lú ìlà dúdú mẹ́ta lọ́rùn, bí ẹni pé wọ́n fi ìka tọ́ èédú síbẹ̀. A kọ́kọ́ rò pé irin tí wọ́n fi ń na irun ló jó o. Kì í ṣe irin. Ó ra ìgò òróró kékeré kan tí wọ́n kọ "bergamot" sí lára, òórùn rẹ̀ wù ú, ó sì kán an sọ́rùn bí ẹni kán lọ́fínńdà. Ó wá lọ síbi ìgbéyàwó kan tí wọ́n ṣe ní gbangba, lọ́sàn-án gangan. Ní ọjọ́ kejì, ọrùn pọ́n, ó ń ta á bíi pé omi gbígbóná dà sí i. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan, ibi tó pọ́n ti di dúdú.

Ìyẹn ló mú wa jókòó ti ọ̀rọ̀ òróró yìí. Ó ti wọ ilé púpọ̀: ó wà nínú òróró ìpara tí àwọn obìnrin ń pò fúnra wọn, nínú ọṣẹ, nínú àbẹ́là olóòórùn, nínú ohun tí à ń fín sínú yàrá. A kò sọ pé kí ẹ má rà á o. Àwa gan-an fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń lò ó.

Ọsàn ni bergamot. Igi rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí igi ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé yín. Èso rẹ̀ tó ọsàn mímu, ó máa ń tutù yọ̀yọ̀ lára, bó bá ti ń pọ́n ni yóò máa di àwọ̀ ìyeyè. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá bó o láti mu máa kábàámọ̀, torí ó kan, ó tún korò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọsàn gànyìn-gànyìn ti mọ ìdílé tó ti wá, nítorí àwọn onímọ̀ ewéko sọ pé ọsàn kíkorò yẹn àti lẹ́mọ́ọ̀nù ni wọ́n jọ bí i. Orílẹ̀-èdè Ítálì ni ilé rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Calabria, níbi tí ilẹ̀ wọn ti rí bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bàtà. Etíkun tóóró kan lágbègbè ìlú Reggio Calabria ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú bergamot gbogbo ayé ti ń wá, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ni wọ́n sì ń ká a. Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan ní ìlú Bergamo ló ti wá, àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ àwọn ará Tọ́kì ni, tó túmọ̀ sí èso píà ti ìjòyè. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n máa jiyàn.

Èyí tó dùn mọ́ àwa tí iṣẹ́ èdè ń jẹ lọ́kàn ni pé Yorùbá ti fi ọ̀rọ̀ méjì tó fẹ́ jọra pàdé síbí: epo, àti èèpo. Epo bergamot kì í ti inú omi èso wá, inú èèpo ni wọ́n ti ń fún un. Gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n láìmọ̀. Ẹ rántí àwọn ìyá ọlọ́sàn etí títì tó ń fi abẹ bó ọsàn, bí kinní kan ṣe máa ń fọ́n bí ìrì tí òórùn á sì gba ibẹ̀ kan. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń tẹ èèpo sójú ara wa nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí ojú á máa ta, tàbí tí a máa ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́nu iná àbẹ́là kó lè ta pàrà. Epo náà nìyẹn. Ní Calabria láyé àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ èèpo mọ́ kàn-ìn-kàn kó lè fa epo mu, kí wọ́n tó fún kàn-ìn-kàn náà sínú àwo. Ní 1844, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nicola Barillà ṣe ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Títí dòní, wọn kì í fi iná sè é. Ẹ̀rọ ló ń ha èèpo. Nǹkan bí igba kílò èso ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó rí kílò epo kan. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń ta ìgò ńlá fún yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ máa lọ.

Kì í ṣe Ítálì nìkan náà o. Orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, níhìn-ín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa, ń gbìn ín lágbègbè Sassandra létí òkun, wọ́n sì ń fún epo rẹ̀ tà sí òkè òkun. Ẹ̀yin ará Èjìgbò tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Abidjan, nǹkan tó wà nítòsí àwọn èèyàn yín ni à ń sọ yìí.

Kí ni wọ́n ń fi ṣe? Lọ́fínńdà ló kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ jáde. (Ọ̀rọ̀ "lọ́fínńdà" fúnra rẹ̀, láti ara ewéko lavender ni a ti mú un. Òórùn kan ṣoṣo ló fún gbogbo òórùn dídùn lórúkọ lẹ́nu wa.) Láyé àtijọ́, ọmọ Ítálì kan, Johann Maria Farina, ṣe òwò lọ́fínńdà ní ìlú Cologne ní Jámánì; omi olóòórùn tí wọ́n fi ìlú yẹn sọ lórúkọ, bergamot wà lára ohun tó mú un dùn. Tíì Earl Grey náà wà níbẹ̀. Tíì dúdú lásán ni, epo bergamot ni wọ́n fi ta á lórùn. Ife kan tàbí méjì lóòjọ́ kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Àṣejù ló wà níbẹ̀: ní 2002, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ìtàn ọkùnrin ẹni ọdún 44 kan tó ń mu tó lítà mẹ́rin lóòjọ́ títí pajápajá fi ń mú un lẹ́sẹ̀ lọ́wọ́, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì. Ìgbà tó yí padà sí tíì tí kò ní bergamot ni ó bọ́. Ìyẹn tíì o. Epo inú ìgò lágbára ju ìyẹn lọ fíìfíì, ẹ má gbé e mì.

Ní ti àǹfààní, òórùn ni olórí rẹ̀. Àwọn olùwádìí ti ṣe ìwádìí kéékèèké tó fi hàn pé bí èèyàn bá fín òórùn bergamot, àníyàn lè dínkù, kí ọkàn sì balẹ̀ díẹ̀. Ohun tí a lè sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tó ní kẹ́ ẹ fi oògùn dókítà sílẹ̀, ń fi ẹ̀mí yín ṣeré. Ìpara irun tí wọ́n kọ bergamot sí lára náà ńkọ́? Òórùn rẹ̀ dùn, fasilín tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń jẹ́ kí irun rọ̀, ṣùgbọ́n a kò rí ẹ̀rí pé bergamot ló ń mú irun gùn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ oòrùn. Kẹ́míkà kan wà nínú epo yìí tó ń jẹ́ bergapten. Bó bá wà lára awọ, tí ìtànṣán oòrùn tí ojú wa kò rí bá bà á, ńṣe ni yóò jó awọ náà. Kì í ṣe àìsàn tuntun. Láti 1916 ni dókítà awọ ara kan ti kọ̀wé nípa àpá dúdú tí lọ́fínńdà oní-bergamot ń dá sí àwọn èèyàn lára nígbà tí wọ́n bá jáde sínú oòrùn. Awọ dúdú kò gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹ ṣe rí i lọ́rùn ẹni tiwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi etí sí èyí náà: ọsàn wẹ́wẹ́ ní irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ nínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fún un sí abíyá nítorí òórùn, tàbí tẹ́ ẹ fi ń pa ojú kó lè mọ́, kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà lọ́sàn-án, ibi tí àpá dúdú kan ti wá lè jẹ́ ibẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe òfin fún iṣẹ́ lọ́fínńdà fi ní kí epo bergamot lásán má kọjá ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ohun tí a ń fi pa ibi tí oòrùn ń dé, tí a kò ní fọ̀ kúrò. Nínú ilé, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ẹ̀kán méjì nínú ṣíbí ìjẹun méjì àdí àgbọn. Àwa kì í fi sójú, ọrùn tàbí apá rárá. Alẹ́ la máa ń fi í para, níbi tí aṣọ bò, a ó sì yẹra fún oòrùn níbẹ̀ fún wákàtí méjìlá. Bí ẹ bá rí ìgò tí wọ́n kọ FCF sí lára, wọ́n ti yọ bergapten inú rẹ̀, ìyẹn ṣeé lò pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ jù. Kí ẹ tó fi pa gbogbo ara, ẹ kọ́kọ́ dán èyí tẹ́ ẹ ti pò wò níbi kékeré kan tí aṣọ bò, kẹ́ ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ má sì kán an tààrà sómi ìwẹ̀: epo kì í bá omi pò, yóò léfòó, yóò sì lẹ̀ mọ́ ara yín bó ṣe wà gan-an.

Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ kò kan ara rárá. Ẹ̀kán méjì sórí òwú, kẹ́ ẹ fi sínú àwo kékeré kan ní yàrá, kò gba iná mànàmáná. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń fín òórùn, ẹ̀kán mẹ́ta sí márùn-ún fún ìdajì wákàtí ti tó. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù tàbí àbẹ́là, torí ó lè gbiná. Ilé tí ẹni tó ní ikọ́ fée bá wà, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà. Ọmọ ọwọ́, ẹ má fi pa á. Aboyún náà, kó bá àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná. Ẹ gbé ìgò náà sókè fún àwọn ọmọdé, torí òórùn rẹ̀ jọ ohun mímu.

Tẹ́ ẹ bá ń rà á, ẹ wo orúkọ Citrus bergamia lára rẹ̀. Èyí tó ní Monarda, ewéko mìíràn tó kàn jọ ní orúkọ ni. Ìgò dúdú ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe ike, nítorí epo ọsàn máa ń jẹ ike. Ẹ kán ẹyọ kan sórí bébà funfun: èyí tí wọ́n fi òróró ìdáná là máa fi ọ̀rá gbòòrò sílẹ̀. Ẹ dé e dáadáa, kẹ́ ẹ gbé e síbi tó tutù. Bí òórùn rẹ̀ bá ti yí padà, ẹ má fi kan ara mọ́, èyí tó ti gbó ló máa ń mú ara yún jù.

Ní ti ẹni tiwa, dókítà awọ ara ní àpá náà máa lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù mélòó kan, ó sì kìlọ̀ pé kó má fi ìpara abóra kankan sí i. Ìborùn ló ń fi bo ọrùn jáde báyìí. Kò da ìgò náà nù. Òwú tó kán an sí wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, láàárín àwọn aṣọ òkè rẹ̀.