Igun Ọkọ̀ àti Ìdènà Afẹ́fẹ́

Àwọn arìnrìn-àjò Amẹ́ríkà a máa lo ọkọ̀ tí ó ní ibùsùn àti ilé ìdáná nínú. Ó rí bí àpótí. Afẹ́fẹ́ a sì máa dènà rẹ̀. Ǹjẹ́ ohun àsomọ́ lè ràn án lọ́wọ́?

Nínú ìdánwò tí NASA bẹ̀rẹ̀ ní 1973, wọ́n fi páànù sọ ọkọ̀ kan di onígun mímú. Nígbà tí wọ́n sọ igun òòró rẹ̀ di roboto, ìdènà afẹ́fẹ́ fi ìdá 40 nínú 100 dín kù.

Àsomọ́ bẹ́ẹ̀ wúlò. Ṣùgbọ́n kò ní kí ìjì má gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹrù wíwúwo nísàlẹ̀, táyà tí ó kún tó àti eré ìwọ̀nba ni ó ń mú un dúró ṣinṣin. Ẹ̀yin ará wa tí ń di ẹrù sórí ọkọ̀ bọ̀ wálé, ẹ rántí: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìdènà afẹ́fẹ́ a di ìlọ́po mẹ́rin.