Tíṣà Ghana, Kí Báàgì Tó Gborúkọ

Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ báàgì Ghana-Must-Go. Òun ni wọ́n fi ń kó òkìrìkà wá sí Dùgbẹ̀, òun náà ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kó ẹrù wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì ní Agbowó. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó wọ Fọ́ọ̀mù Wáànù láàárín 1979 sí 1983 léèrè, kì í ṣe báàgì ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Tíṣà ni: tíṣà mátíìsì tàbí ti físíìsì, tó ń jẹ́ Mensah, Boateng tàbí Owusu, tó mú pàṣán dání, tí Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ kò sì jọ ti ẹnikẹ́ni tí ọmọ náà ti gbọ́ rí.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1979 ni Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọ̀fẹ́ ni ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, UPN, sọ ilé ìwé girama dà. Ọmọ tó bá jáde ìwé mẹ́fà kò tún ní jókòó sílé nítorí owó. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń da búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń kan páànù, kíláàsì sì ń kún. Wọ́n lè fi oṣù mẹ́ta kọ́ kíláàsì. Tíṣà kẹ́mísírì kì í jáde láàárín oṣù mẹ́ta.

Ní Ghana, òdìkejì ọ̀rọ̀ yìí ló ń ṣẹlẹ̀. Tíṣà wà, owó oṣù kò ra nǹkan. Láti 1978 títí di 1983, ìjọba ibẹ̀ ń pariwo pé sídì 2.75 ni dọ́là kan, ṣùgbọ́n ọjà dúdú kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá. Náírà tiwa nígbà yẹn ju dọ́là lọ. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 sì ti gba ará ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà láyè láti fi àádọ́rùn-ún ọjọ́ wà níbòmíràn láìgba físà. Ohun tó tún mú un rọrùn ni WAEC. Láti 1952 ni àjọ ìdánwò kan náà ti so Accra pọ̀ mọ́ Ìbàdàn. Ẹni tó ti ń kọ́ Fọ́ọ̀mù Fáìfù ní Kumasi lè sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, kó gba ṣọ́ọ̀kì, kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Tíṣà àjèjì kì í ṣe ohun tuntun ní Ìbàdàn. Òyìnbó ló darí Government College nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1929, àwọn Peace Corps ti Amẹ́ríkà náà sì dé ní 1961. Ṣùgbọ́n òyìnbó máa ń rí ilé ìjọba gbé. Tíṣà Ghana, yàrá kan àti pálọ̀ ni, bóyá kí méjì tàbí mẹ́ta jọ pín in. Etí ìlú ni Baṣọ̀run ṣì jẹ́ nígbà náà, oko ló pọ̀ lọ́nà Akóbọ̀. Tíṣà á jí pọnmi, á fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó dára, á sì sáré bá àséńbílì. Lọ́sàn-án, ìwé àmúrelé tó ga dé àgbọ̀n ló ń máàkì. Nírọ̀lẹ́, ó ń lọ kọ́ni ní lẹ́sìn láti ilé dé ilé, nítorí owó yẹn ni yóò fi jẹun, kí ti oṣù lè délé.

Oúnjẹ náà gba sùúrù. Ẹni tí kenkey, oúnjẹ àgbàdo ti Ghana, mọ́ lára, tó ń fi ẹja díndín àti ata jẹ ẹ́, ẹ̀kọ ló kọ́kọ́ ń sá tọ̀ lọ. Àmàlà dúdú pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ìyẹn di ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Ní kíláàsì, àwọn ọmọ á máa sín Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀ ní Yorùbá, ọkàn wọn balẹ̀ pé kò gbọ́. Títí di ọjọ́ tó máa dá wọn lóhùn ní Yorùbá, tí pàṣán á sì tẹ̀ lé e. Ìwà ọmọlúàbí kò ṣàjèjì sí i: bí a kì í ti í fọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ wọn. Ó sì lè lọ ra ìrẹsì, kí ìyá olóúnjẹ fi Twi, èdè Ghana, kí i. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò àti Ìnísà tó ti tẹ̀dó sí Ghana pọ̀, kó tó di pé, ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia níbẹ̀ fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò.

Tíṣà àjèjì tó wà nílé ìwé girama ní Ṣáínà lónìí kò rí irú èyí. Wọ́n sábà máa ń fún un ní ilé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àfẹnusọ ni iṣẹ́ rẹ̀, ó lè má rí kíláàsì kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Gaokao, ìdánwò oṣù kẹfà tí ọmọ Ṣáínà ń kàwé títí di alẹ́ nítorí rẹ̀, ọwọ́ tíṣà ọmọ ìlú ló wà. Tiwa ẹ̀wẹ̀, àárín ìdánwò gan-an la fi àjèjì sí. Bí ọmọ bá yege mátíìsì, bó bá fìdí rẹmi, ọmọ Ghana ló ni ín.

Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983 ni Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, kéde pé kí àjèjì tí kò níwèé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Òfin náà yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọba sílẹ̀, nítorí náà, nínú ìwé, tíṣà ìjọba lè jókòó. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe bíríkìlà ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ tó ń tajà láìníwèé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kò dúró wo ohun tí ìwé wí. Wọ́n kọjú sí Sèmè, ẹnubodè wa pẹ̀lú Benin, wọ́n sì bá a ní títì, nítorí Ghana fúnra rẹ̀ ti tilẹ̀kùn láti 1982, Benin kò sì fẹ́ kí èrò há sọ́dọ̀ òun. Ọjọ́ 29 oṣù kìíní náà ni Ghana tó ṣí tirẹ̀. Wọ́n fojú bù ú pé bíi mílíọ̀nù kan ọmọ Ghana ló lọ. Báàgì tí wọ́n fi kẹ́rù la wá sọ ní Ghana-Must-Go.

Ní 1985, ìjọba Buhari tún lé àwọn mìíràn. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní 1986, kò tún sí ìdí tí tíṣà kan fi máa ti Kumasi wá sí Baṣọ̀run mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lásìkò tí Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Nàìjíríà dá Technical Aid Corps sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi tíṣà àti dókítà tirẹ̀ ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè mìíràn fún ọdún méjì méjì. Gambia wà lára wọn. Ìdánwò WAEC náà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà tí wọ́n ń pè ní domoda ni tíṣà tó ti Ìbàdàn lọ ní láti kọ́ jíjẹ.